Ẹni Tí Kò Gbọ́ Ìlù, Kí Ni Yóò Yà?

Ọ̀rọ̀ àsọyé lórí gbígbádùn orin ojú agbo ní ìlú Èkó àti yíyà á ní fọ́tò, níwájú àpéjọ àwọn onífọ́tò àti olólùfẹ́ orin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo kí ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo kí ẹ̀yin ìyá wa, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Third Mainland dá dúró tí ẹ kò sì tìtorí ẹ̀ padà sílé, ẹ kú ìforítì. Mo rí yín tí ẹ ń yọ́ wọlé lẹ́yìn. Ẹ máa bọ̀ níwájú, àyè wà. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ jókòó níwájú àfi níbi tí wọ́n bá ti ń pín ìrẹsì.

Nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ní kí n sọ ni bí a ṣe ń ya àwọn olórin àti onílù lójú agbo, àti bí a ṣe ń gbádùn wọn. Kámẹ́rà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n óò sì dé ibẹ̀. Àmọ́ n kò ní í fi kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí mo gbé wá síwájú yín kò ju ọ̀kan lọ, ibi yòówù tí mo bá sì yà sí, ìdí ẹ̀ ni n óò máa padà sí: ẹni tó bá fẹ́ ya orin, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ orin.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ni nínú yín tó ti ya onílù rí? Ẹ nawọ́ sókè. Ó pọ̀, ó pọ̀ gan-an. Ẹ má tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀ o. Ta ni nínú yín tó mọ ohun tí onílù yẹn ń fi ìlù ẹ̀ wí lásìkò tó ń yà á?

Ẹ wò ó. Ọwọ́ ti wálẹ̀.

Etí kí ó ṣáájú ojú

Àwọn baba wa ní, bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Kò sí onífọ́tò láyé ìgbà tí wọ́n pa òwe yẹn. Bó bá jẹ́ òde òní ni wọ́n pa á, ó dá mi lójú pé wọn ì bá bá onífọ́tò wí nínú ẹ̀.

Mo lọ sí òde ìsìnkú àgbà kan ní Sùúrùlérè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ya fọ́tò níbẹ̀. Kámẹ́rà ọwọ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀. Àwọn ọmọ olóòkú tò, wọ́n ń jó bọ̀ láti ẹnu géètì, ọmọkùnrin yìí sì dúró gbagidi sáàárín ọ̀nà, ó kọjú sí wọn, kò yẹsẹ̀. Bàbá onílù tó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká níwájú wọn wò ó títí. Nígbà tó pẹ́, bàbá yí ìlù padà. Ó ní (ìlù ló fi wí i o, kò ya ẹnu), ó ní, "Onífọ́tò, yà fún wa, a fẹ́ kọjá." Ó tún un wí. Gbogbo ẹni tó gbọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí rí ẹ̀rín lójú wọn, inú ẹ̀ dùn, ó rò pé kámẹ́rà òun ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, ló bá tún kúnlẹ̀ síbẹ̀ gan-an, ó ń yà wọ́n lọ ràì. Ni bàbá wá fi ìlù sọ̀kò òwe lù ú pé, "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Ìyá kan nínú àwọn tó wọ aṣọ ẹbí rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí ẹ̀.

Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yẹn pàdánù. Nígbà tí onílù bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọwọ́ nìkan ló fi ń sọ ọ́. Ó máa ń sún mọ́ ẹni náà, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tẹjú mọ́ ọn. Ọwọ́ òsì á fún ọṣán ìlù mọ́ra, kọ̀ǹgọ́ á dúró díẹ̀ lókè kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kì, ojú ẹ̀ á yí padà: bí ó ń jẹun, á dá oúnjẹ dúró, bí inú ń bí i, á gbàgbé. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sápò. Fọ́tò mẹ́ta, mẹ́rin ló wà nínú ìṣẹ́jú kan yẹn, ìlù ló sì ń ké sí yín pé wọ́n ń bọ̀. Bí etí yín bá di, ẹ̀yìn ìgbà tí ó bá ti kọjá ni ẹ ó tó gbé kámẹ́rà sókè.

Kò sì dọ́gba láti orin kan dé èkejì. Orin kọ̀ọ̀kan ló ní ìrìn tirẹ̀.

Ẹ mú jùjú. Ìlú Èkó níbí ni wọ́n ti bí i; láyé Tunde King, ní nǹkan bí ọdún 1930 sókè, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, gìtá, sẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ọwọ́, ó tán. Ìgbà tó fi máa di ayé Ebenezer Obey àti King Sunny Ade, ẹgbẹ́ ti kún orí ìtàgé: onígìtá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, onígángan, elégbè, gìtá tí wọ́n tẹ́ bí tábìlì (pedal steel) tí Demola Adepoju gbé wọ inú jùjú lọ́dọ̀ Sunny, tó ń dún bí ẹni ń sunkún jẹ́jẹ́. Nínú jùjú, olórin á lé e, elégbè á gbè é. Ẹni tí kò mọ̀ á dojú kámẹ́rà kọ olórin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó mọ̀ á dúró de ìgbà tí olórin bá gbé ẹnu kúrò lára màíkì, tí elégbè ń gbè, nítorí pé ìgbà yẹn ni ojú ẹ̀ ń yọ. Màíkì kì í jẹ́ kí a rí ẹnu olórin. Ìgbà tó bá dákẹ́ ló dùn-ún yà jù. Bí Sunny bá sì ti fi ìdí màíkì sílẹ̀ tó ń bọ̀ láàárín, ijó ló fẹ́ jó yẹn. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra.

Fújì kò rí bẹ́ẹ̀. Inú wéré ni fújì ti wá, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ràmàdáànì, kí Sikiru Ayinde Barrister tó gbé e dé ibi tó dé. Ìlù ni gbogbo ara ẹ̀. Ìlù kì í sì í sinmi níbẹ̀, olórin kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́. Ẹ ó ní, nígbà wo la ó wá yà á? Ẹ tẹ́tí sí orúkọ. Olórin fújì á máa pe orúkọ àwọn tó wà lóde: lágbájá ọmọ tàmẹ̀dù, alájọ báyìí, alága báyìí. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ènìyàn, ẹ fi olórin sílẹ̀. Ẹ wá ẹni tí wọ́n ń kì! Ẹ wò ó bó ṣe ń dìde lórí ìjókòó, bó ṣe ń tún agbádá ṣe, bí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe ń tì í síwájú. Fọ́tò fújì tó dára jù tí mo ní, kò sí olórin nínú ẹ̀ rárá.

Afrobeat tún wá jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fela kì í kánjú. Ìlù á bẹ̀rẹ̀, gìtá á wọlé, fèrè á wọlé, ó lè lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkùnrin náà tó ya ẹnu kọrin. Fún onífọ́tò, ìyẹn kì í ṣe ìdúró lásán. Ìgbà yẹn ni ẹ ó yí ìtàgé ká, tí ẹ ó ya àwọn afunfèrè bí wọ́n ṣe tò, tí ẹ ó ya onílù, tí ẹ ó mọ ibi tí iná ti ń wá. Nígbà tí orin bá wá dé, ẹ ti mọ ilé. Ohun kan tún wà nípa Fela tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: bí ó bá ti ká orin sínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Ohun tó bá ń kọ ní Shrine, ilé eré ẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ náà, orin tí kò tíì jáde ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn já sí? Ẹni tó ra àwo kò gbọ́ ohun tí ará Shrine gbọ́, ará Shrine náà kò sì lè fi àwo jẹ́rìí ohun tó gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìdí nìyí tí fọ́tò àwọn tó yà á nígbà náà, irú Femi Bankole Osunla tó bá a rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀.

N kò ní í kúrò lórí èyí láìfi ọmọ Fela kún un. Ní ọdún 2017, Femi Kuti dúró lórí ìtàgé New Afrika Shrine, ó fun ohùn kan ṣoṣo lórí sásófóònù fún ohun tó lé ní àádọ́ta ìṣẹ́jú, kò gbé e kúrò lẹ́nu. Báwo ló ṣe mí? Atẹ́gùn wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń tì í sínú fèrè, bẹ́ẹ̀ ni imú ń fa tuntun wọlé. Ẹni tó bá mọ èyí, kì í ṣe ìka ọwọ́ ni yóò máa wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, bó ṣe ń wú tó tún ń fọn, àti iṣan ọrùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ya ọkùnrin kan tó gbé fèrè sẹ́nu, irú èyí tí gbogbo ayé ti ní.

Ilé eré kọ̀ọ̀kan àti ìwà ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a rìn yíká Èkó díẹ̀. Ìlú yìí ti ń ṣeré tipẹ́. Bobby Benson ní Caban Bamboo lọ́nà Ìkòròdú, Victor Olaiya ní Stadium Hotel ní Sùúrùlérè, Fela ní Shrine ní Empire Hotel, Ìdí-Ọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó jó Kalakuta, ilé Fela, ní oṣù kejì ọdún 1977, òdìkejì ọ̀nà sí ibi eré yẹn níbẹ̀ ni ilé ọ̀hún wà. Àwọn tó gbádùn ibẹ̀ ti di àgbà. Díẹ̀ nínú wọn jókòó síwájú mi yìí, ojú wọn ń dán.

Ti òde òní ńkọ́? Freedom Park ní Broad Street, Erékùṣù Èkó, ni mo fẹ́ràn jù, mo sì gbà pé ìfẹ́ mi ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ni ibẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1882. Ní ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, ibi tí wọ́n sì ti ń yẹgi fún ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ìtàgé. Ẹ rò ó wò. Orí ilẹ̀ yẹn ni ọmọ ogún ọdún ti ń fi gìtá dá ara ẹ̀ lára yá lónìí. Mo máa ń ya odi àtijọ́ náà mọ́ àwọn olórin. Àwọn ọ̀dọ́ onífọ́tò máa ń gé odi kúrò kí ojú olórin lè tóbi. Ẹ má gé e. Ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá tètè dé, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ ó bá ìmọ́lẹ̀ kan pàdé tó jẹ́ ti oòrùn lápá kan, ti iná ìtàgé lápá kejì. Kì í pẹ́ lọ.

New Afrika Shrine ní Agídíńgbí, Ìkẹjà, tí àwọn ọmọ Fela ṣí ní ọdún 2000, ilé ńlá ni, èéfín pọ̀ níbẹ̀. Èéfín kì í ṣe ọ̀tá yín. Òun ni iná ń gbà kọjá tí ojú fi ń rí i. Àìgbọ́n ni kí ènìyàn yọ fíláàṣì níbẹ̀, èéfín á kàn di funfun báláú síwájú lẹ́ǹsì ni. Oṣù kẹwàá, nígbà Felabration, àjọ̀dún ìrántí Fela tí Yeni Kuti ọmọ ẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, èrò á pọ̀ débi pé ẹ kò ní í lè gbé apá sókè. Bí ẹ bá fẹ́ ríran dáadáa, ẹ má lọ nígbà yẹn nìkan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Femi ti fi Ọjọ́bọ̀ ṣe ìgbaradì ní gbangba: èrò kéré, ìgbà tó bá fẹ́ dá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dúró pé "ẹ tún un ṣe," á dá wọn dúró lójú yín. Ẹ ó rí bí iṣẹ́ ṣe rí.

MUSON ní Oníkan, ìwà mìíràn pátápátá. Àwọn tó ń ṣe orin olóhùn mẹ́rin àti ti fayolíìnì ló ń lo ibẹ̀. Ariwo "ká" tí kámẹ́rà ń ṣe tó láti mú kí gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí yín. Bí kámẹ́rà yín bá ní ètò ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ tàn án. Bí kò bá ní, ẹ dúró de ìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń lu ohun èlò tagbáratagbára, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ rí i pé etí náà ni.

Ti abẹ́ kánópì òde àríyá, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Inú ẹ̀ la bí gbogbo wa sí. Kánópì funfun dára, ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Kánópì pupa tàbí búlúù á sọ gbogbo ẹbí di àwọ̀ ara ẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i ju kí ẹ fà wọ́n síta.

Ó wá kan kámẹ́rà

Mo mọ̀ pé ibi tí àwọn kan ń dúró dè nìyí. Mo rí ìwé àkọsílẹ̀ tó ń ṣí.

Lẹ́ǹsì ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà lọ. Lẹ́ǹsì 50mm tó ń ṣí dé f/1.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí gbòòrò tó) kì í wọ́n, ẹ sì máa ń rí àlòkù ẹ̀ rà. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju èyí tó gùn tó sì wọ́n tí kò ṣí ju f/5.6 lọ. Fún olórin tó dúró sójú kan, kí ojú kámẹ́rà ṣí fún 1/125, ìyẹn ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tó. Fún oníjó, 1/250 sókè. Ọwọ́ onílù ńkọ́? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti lo ọgbọ́n. Bí ẹ bá lo 1/500, kọ̀ǹgọ́ á dúró gan-an lójú òfuurufú, fọ́tò á mọ́, àmọ́ ìlù kò ní í dún nínú ẹ̀. Bí ẹ bá lo 1/30, tí ọwọ́ yín kò sì gbọ̀n, ojú bàbá onílù á mọ́ kedere, ọwọ́ ẹ̀ á sì di òjìji tó ń fò. Èmi fẹ́ràn èyí. Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á ní ọwọ́ bàbá àwọn kò hàn. Nítorí náà ẹ ya méjèèjì.

ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, bó bá dé 3200, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. Fọ́tò tó ní àmì kéékèèké díẹ̀ bí ẹni wọ́n ìyẹ̀pẹ̀ sí i sàn ju èyí tó mọ́ tí gbogbo ènìyàn inú ẹ̀ ń gbọ̀n.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ó ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé òru ni. Bí olórin bá dúró sínú iná kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ ṣókùnkùn, kámẹ́rà á rí òkùnkùn tó pọ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, á fi kún un, ojú olórin á sì di funfun bí ẹni fi lẹ́búlẹ́bú kùn ún. Ẹ gba àkóso lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ ojú olórin nìkan, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn dúdú bó ṣe wà. Awọ ara wa dúdú, ó sì ń dán. Iná tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń gbé dídán yẹn yọ. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà bó o di aláwọ̀ eérú. Láyé fíìmù, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù fi fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí wa fi dúdú kirikiri nínú fọ́tò àtijọ́ tí eyín wọn nìkan ń hàn. Kámẹ́rà òde òní kò ní irú àwíjàre yẹn, àwa náà kò sì ní.

Iná pupa ìtàgé, ẹ ṣọ́ra fún un. Ó máa ń jẹ gbogbo ìlà ojú run. Bí orin bá pẹ́ lábẹ́ iná pupa, ẹ dúró. Ẹni tó ń yí iná ń tẹ̀lé orin bí onílù ṣe ń tẹ̀lé e, bí orin bá fẹ́ yí, iná á yí. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú-àti-funfun. Ti pé fọ́tò ń ní ìlà-ìlà lábẹ́ túùbù gbọ̀ngàn, iná ìjọba tiwa yìí ń ṣẹ́jú ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi kámẹ́rà sí 1/100 tàbí 1/50, ó sábà máa ń lọ. Ìyẹn bí iná ìjọba bá wà o. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń wú ikọ́ ni, ẹ bẹ̀bẹ̀.

Owó lójú agbo, àti ojú ènìyàn

Ọ̀rọ̀ yìí gba kí n rọra sọ ọ́. Níná owó fún olórin wà nínú àṣà wa. Owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ iwájú olórin tàbí onílù, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ṣà á sápò, ọ̀pọ̀ elégbè ni ibẹ̀ ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, ní abala 21, ka fífọ́n náírà àti jíjó lórí ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ó pẹ́ tí òfin ti wà tí kò sẹ́ni tó kà á sí, títí di nǹkan bí ọdún 2023 sí 2024 tí wọ́n fi fídíò òde gbé àwọn ènìyàn lọ sílé ẹjọ́. Fídíò tí ẹnìkan fi tìfẹ́tìfẹ́ yà ló di ẹ̀rí.

Kí la ó wá ṣe? Èmi kì í gbé fọ́tò owó jáde mọ́ láìjẹ́ pé mo béèrè lọ́wọ́ olóde. Mo máa ń fún wọn ní tiwọn lọ́wọ́, èyí tí n óò gbé síta á jẹ́ ojú onílù, kì í ṣe ọwọ́ tó ń nawó. Àwọn kan ní ojo ni mí. Ó dáa, ojo tó ń sùn sílé ẹ̀.

Àwọn oníjó ní Shrine náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí n má máa sọ èyí fún àgbàlagbà. Pé obìnrin ń jó lórí ìtàgé kò sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ìtàgé kí ẹ máa yà á láti ìsàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí eré bá parí, ẹ kí i, ẹ fi fọ́tò hàn án. Èyí tí kò bá fẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹ̀.

Ẹ má sì dúró síwájú àgbà tó sanwó wọlé. Níbi àwọn eré ńlá, irú èyí tó ń wáyé ní Eko Hotel nínú oṣù Dìsẹ́ńbà, wọ́n sábà máa ń gba onífọ́tò láyè fún orin mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan, láìsí fíláàṣì, kí wọ́n tó ní kí wọ́n kúrò níwájú. Àwọn ọ̀dọ́ ń kùn sí i. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Orin mẹ́ta tó, bí ẹ bá ti gbọ́ àwọn orin ọ̀hún nílé kí ẹ tó wá.

Gbígbádùn

Èwo ni ti kí ènìyàn lọ síbi eré kó má jó? Mo rí àwọn tó ń fi ojú kámẹ́rà wo gbogbo eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n á sì délé máa béèrè pé kí ni olórin kọ. Ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ mú orin kan, ẹ fún ara yín. Èmi, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ orin tó ń bá mi lára mu, mo máa ń pa kámẹ́rà, mo máa ń fi okùn ẹ̀ wé ọwọ́, mo máa ń jó. Àwọn onílù mọ ẹni tó ń jó mọ ẹni tí kì í jó. Bí wọ́n bá rí i pé onífọ́tò gbọ́ ìlù, wọ́n á máa ṣe eré síhà ibi tó wà. N kò purọ́ fún yín. Ọ̀nà tí mo fi rí ọ̀pọ̀ fọ́tò mi nìyẹn.

Etí yín, ẹ fi í pamọ́. Àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ariwo tó bá tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85, wákàtí mẹ́jọ ni ènìyàn lè fara dà á lójúmọ́. Bó bá fi mẹ́ta lé e, ẹ dá wákàtí náà sí méjì. Ẹ máa dá a sí méjì lọ bẹ́ẹ̀: nígbà tó bá fi di dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù. Bẹ́ẹ̀, ìdí sípíkà gan-an ni àwa onífọ́tò máa ń dúró sí, nítorí pé ibẹ̀ la ti ń ríran! Òwú lásán kò tó. Àwọn ohun kékeré tí a fi ń dí etí wà tí wọ́n ṣe fún olórin, tó ń dín ariwo kù láìba orin jẹ́. Ẹ rà á kí ẹ tó ra lẹ́ǹsì kejì. Ẹni tí etí ẹ̀ bá kú, mo ti sọ fún yín láti ìrọ̀lẹ́ yìí ohun tí yóò ṣẹ̀ sí fọ́tò ẹ̀.

Ti wíwá sílé lóru, kúkúrú ni mo máa sọ ọ́. Eré tí wọ́n pè ní aago mẹ́wàá lè bẹ̀rẹ̀ ní aago kan òru. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde. Ẹ fi kámẹ́rà sínú àpò tí kò lójú, irú àpò tí ìyá ọlọ́jà fi ń gbé ẹ̀fọ́. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára àpò ló ń sọ fún olè pé owó dé. Ẹ lọ ní méjì-méjì. Bí ilẹ̀ bá ti jìn jù, ẹ dúró kí ilẹ̀ mọ́. Oníṣu díńdín máa ń tètè jáde.

Lẹ́yìn tí agbo bá tú

Èyí tó kù kò pọ̀, àmọ́ òun ni inú fi ń bí mi jù. Mo ń lọ wo àwọn fọ́tò àtijọ́ ẹgbẹ́ olórin ìlú yìí. Wọ́n á kọ orúkọ olórí ẹgbẹ́ sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á wá kọ "pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀." Ènìyàn méjìlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n gbé ìlù lọ́wọ́, kò sí orúkọ ẹnì kan. Onígángan tó gbé gbogbo orin náà ró, a kò mọ orúkọ ẹ̀. Onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Elégbè obìnrin tó dúró lápá òsì? Àwọn ọmọ wọn ń bẹ nílùú yìí, wọn ì bá san owó gọbọi láti rí fọ́tò bàbá wọn.

Nítorí náà, bí eré bá ti parí, ẹ má sá lọ. Ẹ lọ sẹ́yìn ìtàgé, ibi tí wọ́n ti ń di ìlù sínú àpò tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì nínú ike. Ẹ kí wọn. Ẹ béèrè orúkọ gbogbo wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àti ìlú tí wọ́n ti wá, àti ohun tí olúkúlùkù ń lù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Àyàn máa bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwọn míì. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹnì kan, kí ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀fẹ́ ni kí ẹ fi ṣe. Fáìlì yín, ẹ tọ́jú ẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán. Orí fóònù kì í ṣe ibi ìpamọ́, ọjọ́ tó bá bọ́ sínú gọ́tà lẹ ó mọ̀. Ẹ fi ọjọ́, ibi eré àti orúkọ wọ̀nyẹn sórí fáìlì náà kí ẹ tó sùn, nítorí pé bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, ẹ ò ní í rántí ta ni Àyàntúndé, ta ni Àyànwálé.

Aago ti lọ, mo sì rí olùdarí ètò tó ń wojú mi. Màíkì wà lọ́wọ́ arábìnrin aláṣọ àdìrẹ yẹn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́, kó kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹ̀ àti àdúgbò tó ti wá. Ìyá wa níwájú níbí, tiyín ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ ṣeun, mà.